Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àgbo Ilé Wa

Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí orúkọ tí a sọ ọ́ kò rò ó rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tó bá ń ru, a máa ń mọ̀: bí odò bá ru, ojú á rí i; bí inú bá ru, oníkùn á mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà fi ń retí kí ẹ̀jẹ̀ náà ru kí wọ́n tó gbà pé ó ń ṣe wọ́n. Orí kò fọ́ wọn, àyà kò já wọn, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí lè gbé inú ẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ̀rọ̀, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé.

N kò sí lára àwọn tó ń fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ wo wèrè. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Ní 1952 ni wọ́n yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, èròjà kan náà sì wà nínú tiwa. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́, àwọn dókítà sì lò ó káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń fúnni lóòjọ́ kì í sábà ju ìdámẹ́rin mìlígíráàmù kan lọ, nítorí bó bá pọ̀ jù, ó lè mú ọkàn ẹni rẹ̀wẹ̀sì. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìgò àgbo?

Ìṣápá pupa náà ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ mu omi rẹ̀ ní ife mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè sì fi nǹkan bíi 7 wálẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní 180, kí ni 7 fẹ́ ṣe fún un? Sóbò tiwa gan-an, ṣúgà ló kún inú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni irọ́ tí à ń mú kí àwọn àgbà pa. Bí nọ́ọ̀sì bá jágbe pé, “Ìyá, àbí ẹ tún ti ń mu àgbo?” ìyá á ní òun kò fẹnu kàn án. Ìgò sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn òyìnbó àti àgbo lè pàdé, kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí òòyì gbé ìyá ṣubú, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó fà á. Ṣé a kò lè bi í bí ọmọ ti ń bi ìyá rẹ̀ ni? “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ewé wo ló wà nínú rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mu ún?”

Kí ẹni tó ń mu àgbo máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó má sì dá oògùn dókítà dúró. Bí ẹ̀rọ bá ń fi 140 hàn lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ga, ara ìbáà le koko. Kí iyọ̀ àti màgí sì dín kù nínú ọbẹ̀. (Àwa tí a ń fi núdùlù sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kí n sọ tiwa.)

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá a máa gbé fóònù lọ sí àwọn abúlé wọ̀nyí láti gba ọfọ̀ àti orúkọ ewé sílẹ̀. Bàbá á sọ ọ́, a ó dúpẹ́, a ó sì wọ mọ́tò padà. A kì í béèrè bí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ti ṣe wà. Owó tí ẹgbẹ́ wa ń ná sórí ẹmu àti aṣọ lọ́jọ́ àṣà tó ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ kan. Mo dábàá pé kí a rà á kí ìrìn-àjò tó ń bọ̀ tó yá, kí a sì bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó bá wa lọ.