Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Kó Ìdílé Rẹ̀ Gba Ojú Títì Lọ sí Gánà

  

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti àwọn ilé ìwé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ènìyàn a máa wá bá wa ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Wọn a gbé àkàrà kalẹ̀, wọn a fi owó sàráà tì í, wọn a ní, "Àáfà, ẹ bá wa tọrọ ọ̀nà ire, èmi àti ará ilé mi ń lọ sí Gánà." A ó ṣe àdúà, a ó sì jẹ àkàrà. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ ńkọ́, ẹlòmíràn a wò wá bí ẹni tí ó béèrè ohun tí kò kàn án. Yóò ní, "Àáfà, Ọlọ́hun ń bẹ."

Òótọ́ ni, Ọlọ́hun ń bẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nígbà kan bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ìdáhùn tí ó rí gbà fi hàn pé ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́: okùn ní ọwọ́, Ọlọ́hun ní ọkàn. Ọ̀rọ̀ okùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwa tí a ń gbé Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò, ẹ̀bá títì ńlá ni a ń gbé, bí a kò tilẹ̀ kà á sí. Títì kan náà tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí àwọn oníṣòwò Alaba ń gbà kó ẹrù, òun ni ó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó kan bodè Sẹ̀mẹ̀, tí ó wọ Kútọnù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó gba Lomé ní Tógò, tí ó sì dé Accra ní Gánà kí ó tó kọjá lọ sí Abidjan. Ó lé ní 1,000 kìlómítà láti Èkó dé Abidjan. Ní ọdún 2014 ni orílẹ̀-èdè márààrún tí ó wà lórí rẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn láti jọ sọ ọ́ di títì ńlá kan ṣoṣo. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Accra kò tó 500 kìlómítà. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí lè wí pé ìrìn ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n bodè mẹ́ta ni ó wà láàrin, Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao, bodè kì í sì í wo kìlómítà mọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ìdílé tí ó bá fẹ́ rin irú ìrìn yìí a máa háyà mọ́tò gbọọrọ kan tí ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni ilé wọn. Tiwa ni bọ́ọ̀sì, kúlà ìrẹsì, ẹní méjì, búútà, àti ilé ìbátan tí a ó sùn sí. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwa àti àwọn ń ṣe: ilé ni a gbé ka orí táyà. Ohun tí ó bá ti wọ́ nínú ilé kí a tó lọ, wíwọ́ ni yóò bá wa dé ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá wà, ìyá wà, ọmọ mẹ́ta, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ènìyàn méje. Ìbátan wọn kan ń ṣe ìyàwó ní Accra. Báwo ni kí wọ́n ti ṣe é?

Èkíní, kí wọ́n gbìmọ̀. Súrà kan wà nínú Alùkùránì tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ìgbìmọ̀. Kí bàbá pe gbogbo wọn jọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Kí ìyá àgbà sọ iye wákàtí tí ó lè fi jókòó kí ó tó di pé ó fẹ́ na ẹsẹ̀. Kí ìyá sọ ohun tí inú àwọn ọmọ gbà lójú ọ̀nà àti ohun tí kò gbà. Kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Ànábì wa kọ́ wa pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rìn ìrìn-àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe aṣáájú. Nínú ìdílé, bàbá ni aṣáájú. Ṣùgbọ́n aṣáájú tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún ìyá rẹ̀ ní ilé, yóò gbọ́ igbe rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kí bàbá rántí àwọn tí kò bá wọn lọ pẹ̀lú. Gbèsè tí ó tó san, kí ó san án. Ẹni tí ó bá ní ìyàwó méjì, tí àyè kò sì gba méjèèjì, kí ó rántí pé Ànábì a máa ṣẹ́ kèké láàrin àwọn ìyàwó rẹ̀ bí ó bá fẹ́ rìn ìrìn-àjò. Kò fi ojú rere yan ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ẹni tí ó kù sílé, kí owó oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra.

Èkejì ni ọjọ́. Ìdílé tí ó ní arúgbó àti ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan sáré dé Accra. Ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n kúrò ní Òkòkòmáíkò lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí wọ́n sì sùn sí Kútọnù. Bí wọ́n bá tètè jáde ní bodè, kí wọ́n yà sí Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, kí àwọn ọmọ rí mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ tí a kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bùràsíìlì, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí tí ìran wọn ti oko ẹrú bọ̀ láti Bùràsíìlì ni ó kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: ẹrú ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ, Mùsùlùmí ni wọ́n padà. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n gba Ouidah àti Grand-Popo dé Lomé. Ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n la Aflao kọjá, kí wọ́n gba orí afárá odò Volta ní Sogakope dé Accra.

Kí wọ́n tọ́jú aago wọn. Aago ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Tógò àti ti Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Bí aago bá lù méjì ní Òkòkòmáíkò, ọ̀kan ni ó lù ní Lomé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi aago Èkó kí ìrun ní Accra; kí ó béèrè ní mọ́ṣáláṣí tí ó bá sún mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni mọ́tò. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí gba mọ́tò tí ó jẹ́ ti ara ẹni láyè láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Mọ́tò akérò, 15 ọjọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ kó èrò ta níbẹ̀. Kí láísẹ́ǹsì awakọ̀ pé, kí ìwé mọ́tò pé, kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pé. Kí insọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card wà níbẹ̀, èyí tí àdéhùn rẹ̀ ti wà láti ọdún 1982, nítorí pé insọ́ránsì ti ilé nìkan kò ní gbà yín bí mọ́tò bá kọ lu ènìyàn ní Tógò. Ẹ má sì ṣe rìn lóru. Awakọ̀ tí oorun ń kùn, ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèje ni ó gbé lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Owó CFA ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Sídì ni ti Gánà. Kí wọ́n pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta: kí owó oúnjẹ wà lọ́wọ́ ìyá, kí owó ọ̀nà wà lọ́wọ́ bàbá, kí owó ìpadàbọ̀ wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, pàápàá ní ọjọ́ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti lẹ owó mọ́tò ìpadàbọ̀ mọ́ iwájú orí ìyàwó nígbà tí ìlù dùn, tí ó sì di ẹni tí ń yá owó lọ́wọ́ àna ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀karùn-ún ni ìrun. Ẹni tí ìrìn-àjò rẹ̀ bá tó bí 80 kìlómítà, ní ìlànà Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé, lè dín Àyìlá, Alásàrì àti Ìṣáì kù sí rákà méjì méjì láti ìgbà tí ó bá ti jáde kúrò láàrin ilé ìlú rẹ̀. Àsùbáà àti Màgàríbà kò yí padà. Bí ó bá kírun lẹ́yìn imáàmù onílé, kí ó kí i pé. Bí ó bá sì ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko ní Accra, kí ó máa kírun rẹ̀ pé níbẹ̀. Ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun fún wa ni èyí, kí á má baà fi ìkánjú ọ̀nà jẹ ìrun. Ẹ gbé búútà sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tó o, ẹ má jẹ́ kí ó wà lábẹ́ ẹrù.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìwé sí ìparí nítorí pé òun ni ó wúwo jù.

Èkó wa níhìn-ín ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní May 28, 1975. Ní May 29, 1979, ní ìlú Dakar, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí ó pé àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ kíyè sí i: kò sí físà kò túmọ̀ sí pé kò sí ìwé. Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, olúkúlùkù ni ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ìyá àgbà àti ọmọ kékeré pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí wọ́n gbà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2016, ẹni tí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ìwé rẹ̀ kò kú mọ́ títí ayé. Kí wọ́n sì wádìí pé bodè ṣí sílẹ̀. Ní August 2019 ni ìjọba wa ti àwọn bodè ilẹ̀ pa. December 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀.

Ó ku ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Òbí rẹ̀ kò sí nínú mọ́tò. Kí bàbá gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ọmọ náà pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀, kí ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì wà pẹ̀lú. Bí kò bá sí lẹ́tà, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí. Òṣìṣẹ́ bodè yóò béèrè pé, "Ọmọ ta ni èyí?" Bàbá yóò ní, "Ọmọ mi ni." Àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta wà ní ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń gbọ́. Bí òṣìṣẹ́ kò bá gbà, bàbá yóò ki ọwọ́ bọ àpò. Àwọn ọmọ yóò sì rí i. Kéú tí wọ́n ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́ta, pé irọ́ kò dára, pé rìbá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà, bàbá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún pa á rẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Àáfà, ìwé mi pé, wọ́n ṣì ní kí n mú owó wá." Mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n fi agbára gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀, ẹni tí ó gbà á ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ tí yóò dúró lé. Ó lè fi sùúrù béèrè ọ̀gá, ó lè jókòó tẹ́ẹ́. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹ má sì ṣe pe ìwé ní ohun kékeré. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ níbẹ̀, tí wọn kò rò ó rí pé ẹnì kan yóò béèrè ìwé. Ọ̀nà tí à ń sọ yìí ni púpọ̀ nínú wọn gbà padà wálé pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù tí ọwọ́ wọn ká. Ní January 1983, ó kan ìjọba tiwa láti lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà sì kó ẹrù gba iwájú ilé wa kọjá ní Òkòkòmáíkò. Títì kan náà ni. Ó mọ ẹkún àwa, ó mọ ẹkún àwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbé àkàrà wá sí mọ́ṣáláṣí, ẹ gbé ìwé sórí tábìlì ilé yín. Ẹ kà wọ́n: ènìyàn méje, ìwé méje, lẹ́tà kan. Bí iye wọn bá ti pé, ẹ máa bọ̀, a ó ṣe àdúà, a ó sì ṣe é tọkàntọkàn.

Kí Ọlọ́hun Ọba mú gbogbo ẹni tí ó wà lọ́nà lọ láyọ̀, kí Ó mú wọn bọ̀ láyọ̀, kí Ó má ṣe jẹ́ kí á dójú ti àwọn ọmọ wa. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ma salama.