Àkísà Bàbá Dókítà

Dókítà àgbà kan wà níbí ní Ekinrin-Adde, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Tíṣà, ta ni yóò kà á?" Mo ti bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ títí. Gbangba ni n ó ti bẹ̀ ẹ́ lónìí, torí kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ náà bá wí. Irú wọn kù díẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Okun, láti Kabba dé Mopa.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ti rí irú ìwé tí àwọn èèyàn wa ń kọ bí wọ́n bá pé àádọ́rin ọdún. Wọn á gba gbọ̀ngàn, wọn á pe alága, wọn á fi gómìnà síwájú nínú àwòrán. Ẹni tó rà á, ojú onínàáwò ló rà á fún. Inú búùtù mọ́tò ni ìwé náà ń gbé láti ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ irú èyí ni Bàbá fẹ́ kọ, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Agbádá kò wọ́n wa. Àkísà Bàbá la ń wá.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú àkísà náà. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé aboyún kan wá lẹ́yìn lọ́rì. Ọmọ ti dábùú nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù kan gbé àtùpà dání lápá kan, wọ́n ní kí awakọ̀ lọ́rì náà di tọ́ọ̀ṣì mú lápá kejì. Bí awakọ̀ ti rí ẹ̀jẹ̀, ó kọjú sí ògiri, iná tọ́ọ̀ṣì sì bá a lọ sí ògiri. Bàbá pariwo mọ́ ọn: "Ojú mi ni kí o máa wò! Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúró síbẹ̀!" Ìyá yè, ọmọ yè. Ìgbà tí wọ́n rán ojú abẹ tán ni awakọ̀ tó dákú.

Ẹ̀rín ni Bàbá máa ń fi sọ ọ́, àwa náà á sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó máa ń fo ohun púpọ̀. Ibo lẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ti wá? Kí ni wọ́n fi se irinṣẹ́ nígbà tí kò síná? Àwọn ibi tó ń fò yẹn gan-an ni ìwé.

Ìtàn ìlú náà sì wà nínú rẹ̀. Ekinrin-Adde kò ṣí nídìí, ṣùgbọ́n ó ti wà lábẹ́ Ìjọba Àríwá, ó bọ́ sábẹ́ Kwara ní 1967, ó tún bọ́ sábẹ́ Kogi ní 1991. Lọ́dún 1970 ni ṣànpọ̀nná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ́ dókítà òde òní kò fojú kàn án rí. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní ìparí 1983, wọ́n ní ilé ìwòsàn wa ti di ibi ìgbàmọ̀ràn lásán, kò sóògùn, kò sómi. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹni tó wà nínú wọ́ọ̀dù ló lè sọ bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó bá kọ òwú àti ìbọ̀wọ́ sínú ìwé fún olóko pé kó lọ rà wá. Láyé ìgbà yẹn ni àwọn dókítà ń rọ́ lọ sí Saudi. Bàbá kò lọ. Kí ló dá a dúró? Àwọn ọmọ tó ń kó lọ sí Ìlú Ọba lónìí nílò ìdáhùn òótọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó kábàámọ̀ lóru ọjọ́ mìíràn.

Dókítà ti kọ̀wé rí o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn, kò ju ẹni ọdún 47 lọ nígbà tó kú ní 1974, síbẹ̀ ó fi ìwé ewì sílẹ̀. Dókítà Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ìlera nígbà kan, gbé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1998. Ìbàdàn àti ilé ìjọba nìyẹn. Àmọ́ ní ìlú Èrúwà, Dókítà Awójobí fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣe é. Ó kú ní 2015, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú ọgbọ́n báyìí ló ti bá dókítà tiwa wọlẹ̀?

Ohun kan wà tí Bàbá sọ tí n kò lè já ní koro: ó ti búra láti pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ìlú wa kò tóbi. Bí ó bá yí orúkọ pa dà, tó wá ní "ìyá elépo kan lẹ́bàá ọjà", gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kó yí abúlé, iṣẹ́ àti ọdún pa dà pẹ̀lú. Bí ìdílé ẹni náà bá wà nítòsí, kó tọrọ ààyè. Èyí tó lè dójú ti alààyè, kó fi sílẹ̀.

Bàbá, ẹ ò nílò bírò. Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún wa, lédè ilé, kí ọmọ-ọmọ yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òru lọ́rì. Ẹ jẹ́ ká wá òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù yẹn rí, bó bá wà láyé, torí ó ṣeé ṣe kó rántí rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Bí ìwé bá jáde, kò sáriyá: ẹ fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn girama wa.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, n ó gbé fóònù wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nìyí: nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú iṣẹ́ abẹ, ta ló ń ṣọ́ èémí obìnrin náà?