Ọjà Là Ń Ná, A Kì Í Na Ọlọ́jà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ láàárín ara wa. Àwa tí a máa ń lọ sí Kútọnu àti Lómè lọ ra ọjà, bí a bá padà dé Òkìtìpupa, ìtàn ọjà alẹ́ ló máa ń dùn jù lẹ́nu wa. "Ọmọ yẹn pè é ní 3,000 sẹ́fà, mo ní 500. Mo yíjú padà, ó sáré tẹ̀ lé mi, mo gbà á ní 1,000." Gbogbo ìsọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá yìí mọ ọjà ná o!" Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ó yẹ ká bi ara wa léèrè: ta ni a ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, kí ni a sì jèrè níbẹ̀ gan-an?

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi lódì. Kí èèyàn ná ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìwà òṣì. Àwọn ọmọ wa kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé máa ń sọ pé ojú ń ti àwọn bí ìyá àwọn bá ń yọ owó lórí ọjà. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni èèyàn ń san. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Tesco. Àmọ́ kí wọ́n lọ sí ọjà Ridley Road ní Dalston, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ra iṣu àti ata, wọ́n á gbọ́ "ẹ bá mi dín in kù" níbẹ̀ náà. Ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Nàìjíríà ti ń ra ọjà, ẹni tí kò gbọ́ èdè á tẹ iye tó fẹ́ san sórí kalikuléètọ̀, ẹni tó ń tà á á pa á rẹ́, á tẹ tiẹ̀. Ẹnu méjì ló ń bí iye owó ọjà. Ẹni tó bá pe ọjà láìdúró gbọ́ èsì, kò tíì ṣòwò.

Ẹjọ́ tèmi dá lórí ọjà alẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń tà níbẹ̀. Àwa náà kúkú mọ ọjà alẹ́. Láti ayé àtijọ́ ni ọjà alẹ́ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí oníkálùkù á gbé fìtílà ka iwájú àtẹ rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ti tì í, ó ti lọ sílé. Ẹni tó ṣẹ́kù sójú títì lálẹ́ ni ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà lọ́sàn-án, tàbí ẹni tí owó oúnjẹ ọ̀la àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹlẹ́ja díndín ni, alákàrà ni, ọmọ tó ń kiri bàtà àti yẹtí ni. Bí ẹja kò bá tà ní òru òní, àdánù dé bá a lọ́la. Àwa tí a ń náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ èyí, torí a ti wà níbẹ̀ rí. Ohun tí a mọ̀ yẹn náà la fi ń fún un lọ́rùn.

Ẹ wá wo ìwà wa lọ́sàn-án. Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọjà, a ó san án, a ò ní í janpata. A máa ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Bí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ bá sọ iye tí wọ́n máa gbà, a ó kàn kùn sínú. Tó bá wá di alẹ́, gbogbo ìbínú ọjọ́ yẹn á já lé ọmọbìnrin tó gbé àwo sórí. A bẹ̀rù gíláàsì, a wá ń halẹ̀ mọ́ fìtílà. Ṣé ìyẹn ló ń jẹ́ mímọ ọjà ná?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ owó náà, torí níbẹ̀ ni èrè àti àdánù wa wà. Láti 1999 ni wọ́n ti so owó sẹ́fà mọ́ owó euro: 655 àti díẹ̀ sẹ́fà ni euro kan, kò yí padà. Náírà tiwa ló ń yí. Ní nǹkan bíi 2005, 1,000 náírà ń gbé tó 4,000 sẹ́fà wálé. Nígbà tó fi máa di 2024, lẹ́yìn tí ìjọba ti tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, 1,000 náírà kan náà kò mú ju nǹkan bíi 400 sẹ́fà wá. Ìyẹn ni pé aṣọ 6,000 sẹ́fà tí à ń rà ní 1,500 náírà láyé ọjọ́un ti di 15,000 náírà, láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ṣé ẹ rí i? Bí a bá dé ọ̀hún tí a pariwo pé "Àwọn ará ibí ti di ọlọ́ṣà, gbogbo nǹkan ti wọ́n!", a ń purọ́ mọ́ wọn ni. Owó tó wà nínú àpò wa ló rù. Kò sì sí bí a ṣe lè ná ọjà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja díndín tí náírà á fi dìde. Ẹni tó fi wákàtí kan bá ọmọ kékeré jà nítorí 200 sẹ́fà, tó sì gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ owó pè láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì, abẹ́rẹ́ ló ń wá tí àáké fi sọ nù.

Àwọn náà ti rí irú èyí rí. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. 50 sẹ́fà ni fúráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ẹ̀yin oníṣọ̀ọ́ aṣọ, ẹ ó ti gbọ́ ìtàn àwọn Nana Benz ti Lómè, àwọn ìyá tó ń ta aṣọ àǹkárá ilẹ̀ Hòlańdì, tí wọ́n lówó débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn, tí wọ́n fi ọkọ̀ náà sọ wọ́n lórúkọ. Rògbòdìyàn òṣèlú ti kọ́kọ́ bá ọjà wọn jẹ́, ìgbà tí owó wá já yìí, aṣọ Hòlańdì wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníbàárà. Aṣọ ilẹ̀ Ṣáínà sì wọlé lẹ́yìn náà. Ní oṣù kìíní 2013, iná jó ilé ńlá ọjà Lómè, ọjà ọ̀pọ̀ obìnrin sì jó mọ́ ọn. Nítorí náà, ìyá tí ẹ bá rí tó jókòó ti àtùpà lálẹ́, ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó lè ti ní ṣọ́ọ̀bù rí. Ẹ̀gbẹ́ wa ni, kì í ṣe ẹran ìjẹ wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Àwọn náà ń rẹ́ wa jẹ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, wọ́n á pe ọjà ní ìlọ́po méjì." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká ná an dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ilé ara wa. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gba Ọ̀rẹ̀ wá, tó wá ra epo pupa àti púpurú lọ́dọ̀ wa, tí a sì gbọ́ pé kò gbọ́ Ìkálẹ̀, ṣé iye tí a pè fún ará Ìdèpé la máa pè fún òun? Kí oníkálùkù dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá sì ní ká fún òun ní ìlàjì ìlàjì, tó tún ń yínmú sí epo wa, ẹ rántí bó ṣe máa ń ká wa lára. Ẹni tó máa fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Báwo la ṣe wá fẹ́ máa ná ọjà alẹ́ ní ìlú onílùú? Ohun tí mo rò rèé.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí a tó dúró sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ẹni tó bá ti mọ iye tí ọjà ń lọ kò nílò ariwo. Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín. "Kọ́ńbíẹ̀n?" ni Faransé, "Nabí?" ni àwọn Fọ̀n ń sọ. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu o! Àwọn ará Kétu, Sakété, Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́ tó wà nínú ọjà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ Yorùbá nílé. Èébú tí ẹ bá fi Yorùbá bú wọn, wọ́n gbọ́ ọ yéké.

Èkejì, kí a mọ ohun tí wọ́n ń pe owó lé. Nínú ọjà aṣọ lọ́hùn-ún, yáàdì méjì ni wọ́n ń pè ní pagne kan. Yáàdì mẹ́fà jẹ́ pagne mẹ́ta, òdindi ìdì aṣọ sì jẹ́ yáàdì méjìlá. Ẹni tó gbọ́ iye pagne kan tó rò pé yáàdì mẹ́fà ni wọ́n pè fún òun, ìjà ló máa dá sílẹ̀ tó bá dórí owó sísan, ẹni tó tà á kò sì jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹta, aṣọ ọjà kò ṣe é rà lábẹ́ àtùpà. Iná alẹ́ ń pa àwọ̀ dà, kì í jẹ́ ká rí ibi tó ya àti ibi tó ti ṣá. Oúnjẹ àti nǹkan kéékèèké ni ká rà lálẹ́, kí ọjà tí a fẹ́ tún tà dúró di ojúmọ́. Kí a sì ti ya owó tí a máa ná lálẹ́ sọ́tọ̀ kí a tó jáde. Kò bójú mu ká máa ka owó ọjà lójú títì lóru.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló ká mi lára jù: bí a bá ti dá iye kan, tí ọlọ́jà sì ní "ó yá, ẹ mú owó wá," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kí a má tún ní "mo kàn ń béèrè ni," kí a máa lọ. Nílé wa níbí, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa láàárọ̀, a máa ń ní ó ti ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tí kò fẹ́ rà, kó má dá iye.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá dórí oúnjẹ alẹ́ tàbí ọjà ọmọ tó ń kiri, tí ọlọ́jà ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Dípò ká tún fa owó, ká ní kó fún wa ní ènì. Ènì dùn mọ́ ẹni tó gbà á, kò sì dun ẹni tó fún ni. Ọ̀nà àwọn ìyá wa nìyẹn, ó sì ń mú kí ẹni tó tà á dá wa mọ̀ nígbà míì.

Ìgbà míì yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí ìjọba wa ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwa àti àwọn la jọ jìyà. Ọjà wọ́n lọ́dọ̀ wa, oníbàárà wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Àdéhùn ECOWAS tó jẹ́ ká lè wọ ìlú wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ìwé ìjọba ni, 1979 ni wọ́n ti buwọ́ lù ú. Àmọ́ ìwé ìjọba kò lè ní kí ẹnikẹ́ni bá wa tọ́jú ọjà dìgbà tí a máa padà wá. Kò lè ní kí wọ́n fi ibi tí ọjà ti dínwó hàn wá, tàbí kí wọ́n kìlọ̀ fún wa nípa jìbìtì. Ọwọ́ àwọn obìnrin tó jókòó ti àtẹ ni ìyẹn wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ nìyí: ní gbogbo ìpàdé, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu tàbí Lómè dé sọ iye tí òun ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà àti iye tí òun ra ọjà kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń lọ tẹ̀ lé e mọ̀ ọ́n kó tó gbéra. Ìmọ̀ yẹn á dá owó padà sápò wa ju igba sẹ́fà tí a fi agídí gbà lọ́wọ́ ọmọ olómọ lọ. Ẹ jẹ́ ká máa ná ọjà, ká ná an gidi. Kí ọlọ́jà ṣáà lè gbé àtẹ rẹ̀ délé láyọ̀, bí àwa náà ṣe fẹ́ gbé tiwa délé.