Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwọn Olórí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní Ìbàdàn: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Kí A Tó Gbé Ipò Fún Wọn

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwa olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní àwọn yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbà tó ti ṣe olórí ṣáájú wa, péjọ láti jíròrò lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ aṣáájú. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí.

OHUN TÍ A ṢÀKÍYÈSÍ

1. Èso kíkọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ aṣáájú ti hàn tipẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown lọ́dún 1827, Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí ogun kó lẹ́rú lọ́dún 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́ bíi tiwa ni. Ọdún 1843 ló di àlùfáà, ọdún 1864 ló tó di bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọdún 37 láti 1827 sí 1864, ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe míṣọ́nnárì, ó sì ti ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Iṣẹ́ ló ṣáájú oyè.

2. Lọ́dún 1973, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Inú ẹ̀kọ́ náà ni ìjọ Deeper Life ti jáde. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ètò yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ara wọn ní abúlé tí wọn kò mọ ẹnì kankan, tí kò sí pásítọ̀ tàbí òbí nítòsí. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tí a kọ́ dáadáa.

3. Ní báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìpele kẹta ń di olórí ẹgbẹ́ lójijì, yóò sì gbé ipò sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Owó ọrẹ àti owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣírò owó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́, oyún àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tọ̀ ọ́ wá. A ń pe olórí ọkùnrin ní “Papa”, a ń pe olórí obìnrin ní “Mama”. Ojú wá ń tì wọ́n láti béèrè ohun tí wọn kò mọ̀.

4. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ń pa ìwé kíkà àwọn olórí kan lára. Olórí tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò nítorí ìpàdé ń ba ẹ̀rí ẹgbẹ́ jẹ́.

5. Ìyanṣẹ́lódì ń já ẹ̀kọ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di 14 oṣù Kẹwàá.

ÌPINNU WA

1. Ẹnikẹ́ni kò ní gba ipò láìjẹ́ pé ó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó wà nípò fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan. Jóṣúà pàápàá ṣe ìránṣẹ́ Mósè kó tó di olórí.

2. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò kọ́ nípa Bíbélì, ìṣirò owó, ètò àkókò fún ìwé kíkà, àti bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìṣòro bá, títí kan ìgbà tó yẹ ká mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí àgbà.

3. Ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde. A ó máa ka ìṣirò owó níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú sáà.

4. “Arákùnrin” àti “Arábìnrin” ti tó fún olórí.

5. Ẹ̀kọ́ kan náà ni tọkùnrin tobìnrin yóò gbà. A kò ní fi àwọn arábìnrin mọ sí ìdí oúnjẹ àti ìtọ́jú àlejò mọ́.

6. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ẹ̀kọ́ yóò máa lọ lórí fóònù àti ní ìlú tí kálukú bá wà.

Ẹ̀BẸ̀ WA

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ yá wa ní àwọn àgbà tó mọ ìṣirò owó, òfin àti ìtọ́jú aláìsàn, kí wọ́n wá kọ́ wa. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ fún wa ní yàrá ìpàdé. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè èsì ìdánwò ọmọ yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò nínú ẹgbẹ́.

ÌPARÍ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá kọ́ láti jíhìn owó ọrẹ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ni a lè fi owó ìjọ, ilé ìwòsàn tàbí ìjọba ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́ lọ́la. A kò fẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan tún ti inú àṣìṣe nìkan kọ́ ohun tí àgbà lè kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú orúkọ àwọn tí yóò kọ́ṣẹ́ àti ti àgbà tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà wá sí ìpàdé wa tó kàn.

Fún ìpàdé:
Alága
Akọ̀wé