Omi Derna: Ṣé Kádàrá Nìkan Ni?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin oníṣòwò wa gbogbo, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ ìlú àwọn Mùsùlùmí kan ní etí òkun ilẹ̀ Líbíà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ìhà ìlà-oòrùn Líbíà ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní Barqa. Aṣálẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítòsí Òkun Mẹditaréníà ni òkè kan wà tí à ń pè ní Jabal al-Akhdar, èyíinì Òkè Eléwé Tútù. Òjò a máa rọ̀ lórí òkè yìí ju ibi yòókù ní Líbíà lọ. Ibẹ̀ ni àwọn Gíríìkì tẹ ìlú Kírénè dó sí, ní nǹkan bí 630 ọdún ṣáájú Anọ́bì Isa. Ibẹ̀ náà, ní al-Bayda, ni Ṣéù Muhammad ibn Ali al-Sanusi kọ́ ilé ìsìn àti ilé kéwú rẹ̀ sí ní nǹkan bí 1843. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn oníràkúnmí ń gbé ọjà gbà láti Benghazi, kọjá Kufra, dé ilẹ̀ Wadai. Nígbà tí Ítálì gbógun dé ní 1911, àwọn náà ni ó kò wọ́n lójú, títí àwọn ará Ítálì fi so Umar al-Mukhtar, arúgbó olùkọ́ Kùránì, kọ́ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1931.

Ẹsẹ̀ òkè yìí ni Derna wà, níbi tí àfonífojì kan ti la ìlú já sí òkun. Gbígbẹ ni àfonífojì náà máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀ lókè, àárín ìlú ni omi yóò gbà. Nítorí èyí ni ìjọba fi mọ ìsédò méjì ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n yọ owó àtúnṣe sílẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Ogun dé ní 2011, àwọn alágbára sì pín ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 2022, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Umar al-Mukhtar kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí omi ńlá bá dé, ìlú yóò rí ibi. Kò sí ẹni tí ó gbọ́.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá mọ́jú ọjọ́ kọkànlá oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2023, ìjì tí wọ́n pè ní Daniel dé. Ìsédò méjèèjì wó, omi gbé odindi àdúgbò lọ sínú òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú.

Àwọn kan ní kádàrá ni. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́run Ọba ni ó ni òjò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ògiri? Ènìyàn ni ó mọ ọ́n, ènìyàn ni a fi ṣọ́ ọ, ènìyàn ni a sì kó owó rẹ̀ fún. Ilé ẹjọ́ Derna pàápàá kò gbé e ka kádàrá: ní oṣù Júláì 2024, ó sọ òṣìṣẹ́ ìjọba méjìlá sẹ́wọ̀n, láti ọdún mẹ́sàn-án títí dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìdájọ́ náà tí ìsédò Alau fi já ní Maiduguri níhìn-ín, tí omi sì bo ìlú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹnikẹ́ni tí a bá fi ohun ìjọ, ohun ọjà tàbí ohun ìlú sí ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó rántí pé Ọlọ́run yóò bi í léèrè. Kí Ọlọ́run forí ji àwọn òkú Derna. Àmín.