Ọjà Tó Mọ̀ Pé A Ò Wá

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ká mi lára gan-an. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn òbí wa máa mú wa lọ sọ́jà. Mi ò sọ ilé ìtajà ńlá tí ẹ̀rọ ti ń gba owó, tí èèyàn lè ra gbogbo nǹkan tán láìla ẹnu o. Ọjà gidi ni mò ń sọ, èyí tó wà ní gbangba, tí òjò ń pa, tí àwọn tó ń tajà ń pariwo.

Ridley Road ní Dalston, ní ìlú London, ni ọjà tiwa. Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Dalston Kingsland, ẹ ó kàn sọdá títì ni, ẹ ti débẹ̀. Láti àwọn ọdún 1880 ni wọ́n ti ń ná ọjà náà. Àwọn Júù pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará erékùṣù Caribbean dé, àwa ará Áfíríkà dé, àwọn ará Tọ́kì náà dé. Lónìí, ẹ ó rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo, tàtàṣé, panla àti aṣọ àǹkárá níbẹ̀. Inú abọ́ ni wọ́n máa ń kó ata àti èso sí. Tí o bá ti sanwó abọ́ kan, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá fún ọ.

Màmá àgbà, ìyá Dádì mi, ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti wá bá wa gbé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní gbogbo Sátidé, tí a bá ti jáde ní kíláàsì Yorùbá, ọjà ló kàn. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Nǹkan tí Mọ́mì lè rà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá àgbà á fi wákàtí kan àti ààbọ̀ rà á. Wọ́n á kí aláta, wọ́n á kí oníṣu, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè orúnkún tó ń dun ẹlòmíràn. Wọ́n á ná iṣu, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń lọ, wọ́n á tún padà. "Ẹ fi èènì sí i o!" Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ láìgba èènì, bó jẹ́ ata méjì péré. Bàbá ará Tọ́kì tó ń ta èso ò gbọ́ Yorùbá, Màmá àgbà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ àwọn méjèèjì máa ń bára wọn ṣàwàdà. Bàbá náà ti mọ "ẹ káàsán" sọ.

Mo bi Màmá àgbà lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí a máa ń pẹ́ tó báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Nígbà òtútù tó kọjá, Màmá àgbà yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n sì fi ìbàdí ṣèṣe. Wọn ò lè jáde mọ́. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọn ò ráyè ọjà, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ra gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ á gbé e wá, ọkùnrin kan á gbé àpótí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì ti lọ kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ata dé, iṣu dé, a ò ṣe aláìní nǹkan kan. Àmọ́ Màmá àgbà kàn ń jókòó sídìí fèrèsé ni. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé bóyá àwọn ará ọjà ń retí wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ò bá mọ òwe yẹn, ọjà ńlá kan ní Èkó ni Òyìngbò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹnì kan ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Dádì mú mi lọ sí Ridley Road nítorí Màmá àgbà ní ata inú àpótí yẹn ò ta lẹ́nu. Dádì ṣì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí, èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, wọ́n ti ké sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí! Màmá yín dà? Ó mà tọ́jọ́ mẹ́ta o!"

Mo fẹ́ sọ pé Màmá àgbà kì í jáde mọ́. Mo ronú, mo wá ọ̀rọ̀, mo sì sọ pé, "Màmá àgbà ò sí mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ohun tí mo sọ. Mo sọ pé wọ́n ti kú! Ìyá aláta káwọ́ lérí. Abọ́ ata tó wà lọ́wọ́ wọn já bọ́. "Yéè! Mo gbé!" Oníṣu sáré dé, ìyá ará Jàmáíkà tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà dé. Omi ti wà lójú ìyá aláta. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ohun tí mo ṣe. Dádì ló sáré dé tí wọ́n ní, "Rárá o! Wọ́n wà láàyè! Ìbàdí ló ń dùn wọ́n!"

Ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi parí rẹ̀. Wọ́n ní kí Dádì pe Màmá àgbà lórí fóònù, kí àwọn lè fojú ara wọn rí wọn. Màmá àgbà rí aláta, wọ́n rí oníṣu, wọ́n rí bàbá eléso tó ń juwọ́ sí wọn. Abọ́ ata méjì la rà. Nígbà tí a délé, mẹ́rin la bá nínú ọ̀rá. Èènì Màmá àgbà ni.

Mi ò fẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn, òótọ́ ni òwe Òyìngbò. Ọjà lápapọ̀ lè má mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Àmọ́ aláta tí o máa ń kí mọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje yẹn, kò sí ẹnì kankan lára àwọn tó ń gbé àpótí wá tó béèrè ẹni tó ń jẹ ata náà.

Ìdí kejì ni èdè wa. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá yìí, mo sì máa ń gba máàkì tó dára. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ tí mo pa ìyá aláta lẹ́kún kí n tó mọ̀ pé "wọn ò sí nílé" yàtọ̀ sí "wọn ò sí mọ́". Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́ wa. Nínú kíláàsì, bí mo bá ṣì í sọ, ìlà pupa ni mo máa rí. Lọ́jà, èèyàn ló máa dá mi lóhùn.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa sọ. Wọ́n á ní kò sí àyè. Òótọ́ ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Mọ́mì mi ń tibi iṣẹ́ dé, mi ò lè ní kí wọ́n lọ dúró sínú òjò. Wọ́n á ní owó ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ti pọ̀ jù. Wọ́n á ní àwọn kan máa ń rẹ́ni jẹ lọ́jà. Màmá àgbà náà ti ra iṣu tó ti bàjẹ́ rí. Nígbà tí a gé e nílé, inú rẹ̀ dúdú. Àmọ́ nígbà tí a gbé e padà, oníṣu pààrọ̀ rẹ̀ fún wa, wọ́n sì ń bẹ̀ wá.

Mi ò ní ká sọ fóònù nù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí ẹ bá sì ń lọ, ẹ má fi wá sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fẹnu ara wa kí èèyàn, ẹ jẹ́ ká ná ọjà, kódà bí a bá máa ṣì í sọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan ṣe kíláàsì wa lọ́jà? Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní pọ́n-ùn méjì, kó lọ fi Yorùbá ra nǹkan, kó sì padà wá sọ ohun tí òun àti ẹni tó tajà fún un jọ sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, Màmá àgbà fi ọ̀pá rìn dé Ridley Road. Ìyá aláta ti gbé àga dè wọ́n. Wákàtí méjì la lò níbẹ̀. Òtútù mú mi gan-an, àmọ́ mi ò sọ pé ká máa lọ.

Ajé á wọgbá.