Èéfín Dúdú Lẹ́yìn Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti ń gòkè, yóò ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó di ẹrù dé góńgó, tí ó ń wọ́ ara rẹ̀ lọ tuurutu, tí èéfín dúdú sì ń tú jáde ní sàláńsà rẹ̀ títí tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò fi ní rí iwájú mọ́. Àwọn èrò a máa fi ọwọ́ bo imú, wọn a sì máa bú awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí ó sunkún jù kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé olówó ọkọ̀ ni, ilé ni ó wà, kò sì mọ̀ pé owó òun ni ó ń rú tùù lọ sójú ọ̀run yẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé epo pọ̀ yanturu tí kò sì wọ́n ni, à bá fi ojú fò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tíì tó ₦300 ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di 2024 ó ti ré kọjá ₦1,000, débi pé nígbà tí ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kì kéde ní oṣù kẹrin ọdún náà pé ₦1,000 ni àwọn yóò máa tà á, ìròyìn ayọ̀ ni àwọn ènìyàn kà á sí. Láti ìgbà náà ni onírúurú ọgbọ́n ti kún inú ọgbà mẹkáníìkì: ẹni kan ní kí a yọ èyí, ẹni kejì ní kí a so tọ̀hún mọ́ ọn, ẹni kẹta ní oògùn kan wà nínú ike tí a máa ń dà sínú táǹkì. Ohun tí mo ní í sọ fún ẹ̀yin olówó ọkọ̀ àti ẹ̀yin awakọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kún ẹ́ńjìnnì, tàbí kí ó tó yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dá a padà sí bí àwọn tí ó ṣe é ti gbé e kalẹ̀.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí sí ìlú Paris ní 1858, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ epo yìí lára títí dòní. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àṣeyọrí ní ìlú Augsburg ní 1897, ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ ìgbà náà lẹ́nu ni bí kò ti jẹpo, nítorí pé ó sọ ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára inú epo di iṣẹ́, èyí tí àwọn ẹ́ńjìnnì olóoru omi ayé ìgbà náà kò lè dábàá. Kò sí púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná nínú rẹ̀ bíi ti pẹtiróòlù. Atẹ́gùn nìkan ni písítìn ń fún pọ̀ títí tí yóò fi di bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ooru rẹ̀ yóò sì lé ní 500°C. Ìgbà náà ni nọ́súlù yóò tú epo sí i, tí epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá tó, tí epo sì wọlé lásìkò, ní ìkùukùu tí kì í ṣe ní ẹ̀kán, iná yóò jó o tán. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, epo tí a fi owó rà ti di ẹ̀ẹ́dú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ ọgbà mẹkáníìkì. Ọkọ̀ 911 kan gúnlẹ̀, ọmọ Mercedes, abimú-gbọọrọ, arẹrù-má-mikàn, ògbólógbòó tí wọ́n kan bọ́dì mólùé lé irú rẹ̀ lórí ní Èkó láyé ọjọ́sí. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò lágbára mọ́ o. Òkè kékeré báyìí, jíà kejì ló fi ń gùn ún."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò tó nǹkan, Bàbá. Ẹ jẹ́ n fún un lóúnjẹ díẹ̀ sí i."

Ó mú sípánà, ó já wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òjé dì mọ́ ara pọ́ǹpù, ó yí bóòtù tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbá a. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, dẹ́rẹ́bà yọ̀, ó sanwó, ó lọ. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi? Kílógíráàmù dísẹ́ẹ̀lì kan kò lè jó tán bí kò bá rí atẹ́gùn tí ó tó kílógíráàmù 14.5, pọ́ǹpù tí wọ́n fi òjé dì yẹn ni àwọn tí ó ṣe é sì fi díwọ̀n epo tí atẹ́gùn inú sìlíńdà lè jó. Epo ni mẹkáníìkì fi kún un, kò fi atẹ́gùn kún un. Díẹ̀ nínú epo àfikún náà jó lóòótọ́, ìyẹn ni agbára tí dẹ́rẹ́bà rí tí inú rẹ̀ fi dùn; èyí tí ó kù gba sàláńsà lọ, ooru tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ sì ń jẹ orí písítìn àti fáàfù díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọkọ̀ náà kò sọ pé ebi ń pa òun. Bóyá èémí ni kò rí mí.

Nítorí pé bí a bá ṣí ilé fílítà atẹ́gùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bá níbẹ̀ ni bébà tí eruku ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dí pa, tí ọmọ iṣẹ́ sì ti fi pẹtiróòlù fọ̀ títí tí ó fi ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yọ ọ́ dànù pátápátá, wọ́n ní kí ọkọ̀ lè mí dáadáa. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú sìlíńdà, ríìngì jẹ, atẹ́gùn kò fún mọ́ dáadáa, epo kò sì gbiná bí ó ti yẹ mọ́. Fílítà tuntun kò tó ohun tí wọn yóò fi tún sìlíńdà ṣe, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Nọ́súlù ni ó tẹ̀ lé e. Kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe pọ́ǹpù àti nọ́súlù, kí ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ ìdánwò wọn tí wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ apá rẹ̀. Ti àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bíi ti 911 a máa ṣí nígbà tí agbára inú rẹ̀ bá tó bí ìlọ́po 200 agbára atẹ́gùn ayé. Èyí tí ó dára yóò ké ṣíì, epo yóò jáde ní ìkùukùu funfun tí ó fẹjú dọ́gba, ẹnu rẹ̀ yóò sì gbẹ lẹ́yìn náà. Èyí tí ó ti gbó yóò máa ṣe bí imú ọmọ tí òtútù mú. Ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ kò lè jó tán láé. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àsìkò tí pọ́ǹpù ń tú epo pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi àyè fáàfù sí ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ wí.

Èéfín ni ìwà, àwọ̀ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Dúdú ń wí pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Funfun, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán tí kò sì dá, ń wí pé epo ń kọjá láìjó tàbí pé omi ń wọlé. Èyí tí ó bá fẹ́ ṣe búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó níbẹ̀.

Àṣà kan tún wà tí ó ti mọ́ wa lára débi pé ẹni tí kò bá ṣe é ni a ń wò bí àjèjì: yíyọ tẹmosítáàtì. Ọkọ̀ gbóná lẹ́ẹ̀kan, bóyá nítorí pé ìpẹtà ti dí rédíétọ̀ tàbí bẹ́líìtì ti dẹ̀, mẹkáníìkì sì yọ nǹkan kékeré náà jù sínú koríko, ó ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé bí 80°C, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti díwọ̀n rẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí a bá yọ ọ́, omi yóò máa yí láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré pẹ̀lú ara tútù, ọ́ìlì yóò ki, epo tí kò jó yóò sì máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ń jẹpo, kò sì sí ẹni tí yóò fura, nítorí pé ọwọ́ ìwọ̀n ooru kò kúrò nísàlẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì ń dùn pé kò gbóná mọ́. Kí a fọ rédíétọ̀, kí a sì dá tẹmosítáàtì padà.

Ní ti epo fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá ń ra èyí tí wọ́n sè nínú igbó nítorí pé owó rẹ̀ dín, tàbí tí ó ń fi epo òyìnbó lú u, kí ó mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì gidi ni ó ń mú kí inú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù máa yọ̀, àti pé epo òyìnbó kò yọ̀ tó o. Kí a sì máa já omi ìdí fílítà epo lárààárọ̀.

Ṣé gbogbo àtúnṣe tuntun ni ó burú ni? N kò wí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà tí ń pàṣẹ fún nọ́súlù, àwọn kan sì wà tí wọn yóò gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá láti yí àṣẹ náà padà. Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè rí agbára kún agbára báyìí, bí awakọ̀ bá sì ń fi jíà gíga rìn jẹ́ẹ́jẹ́, epo rẹ̀ lè dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ra agbára tí kò ní í lò ó? Ní oṣù kẹsàn-án 2015 ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen ti fi àṣẹ kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wọn, tí ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń dán èéfín rẹ̀ wò tí yóò sì máa hùwà ọmọlúàbí nígbà náà nìkan. Bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá rí agbára, àìjẹpo àti èéfín mímọ́ kó pọ̀ láìdọ́gbọ́n, kí ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò fẹ́ fi hàn wá? Àwọn tí ń gé asẹ́ èéfín kúrò nídìí ọkọ̀ wọn, kí wọ́n rántí pé ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kéde ní 2012 pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó sì wà nítòsí sàláńsà jù lọ ni dẹ́rẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú èrè tí à ń wá kiri kò tilẹ̀ sí nínú ẹ́ńjìnnì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, bíréèkì tí ń di táyà mú, kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀, bọ́ńpà onírin ńlá tí a rọ nítorí ẹwà, gbogbo wọn ni ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó kúrò ní 80 kìlómítà ní wákàtí tí ó lọ sí 100, ìdíwọ́ atẹ́gùn tí ó ń bá jà ti fi ohun tí ó ju ìdajì lọ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí a kò pa nígbà tí ó dúró sójú kan a máa jó bíi lítà 3 ní wákàtí kan. Awakọ̀ tí ó fi wákàtí márùn-ún tò sí ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi ní Àpápá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn ti sun bíi ₦15,000 láìkúrò lójú kan, bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ bóyá àtúnṣe kan wúlò? Kí a rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, kí a kọ iye kìlómítà sílẹ̀, kí a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a tún rọ ọ́ kún dé ẹnu náà ní ilé epo kan náà, kí a sì fi lítà tí ó gbà pín kìlómítà tí a rìn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ kan ń jó lítà 40 láti Èkó dé Ìbàdàn, tí nọ́súlù tí ó ti gbó sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ṣòfò: lítà 4 ní àlọ, lítà 4 ní àbọ̀, bí ó bá sì lọ tí ó bọ̀ ní ìgbà ogún lóṣù, ₦160,000 ti bá sàláńsà lọ ní iye ₦1,000 lítà kan. Kí olówó ọkọ̀ fi ìwé ìṣirò yìí sọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, kí ó má ṣe fi ṣe ẹjọ́ olè mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí pé dẹ́rẹ́bà tí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní òun jí epo yóò kọ ohun tí kò rí. Nígbà tí mẹkáníìkì bá sì tún mú sípánà tí ó fẹ́ já òjé ìdí pọ́ǹpù, kí ẹ ṣí ìwé náà sí i lójú, kí ẹ ní kí ó kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ yóò fi lítà kan rìn lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ sí abẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i kí ó tó gbowó.